Òkú Mọ́tò Lójú Títì: Ta Ló Ni Iwájú Ilé?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Kì í ṣe mọ́tò tó ń rìn, èyí tí kò rìn mọ́ ni. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, táyà rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, eruku ti bo gíláàsì rẹ̀, ewé gbígbẹ ti kún orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ará ilé kejì. Ó sì lè jẹ́ tiwa. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: ta ló ni ojú títì tó wà níwájú ilé ẹni? Kí ni olówó mọ́tò jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè, kí sì ni aládùúgbò jẹ olówó mọ́tò?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní, "Sístà Nọ́ọ̀sì, kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò? Ẹ máa bá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru." Ó kàn mí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn kì í bẹ̀rẹ̀ lára. Ojúde ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

OJÚDE NI TÍTÌ

Nílé lọ́hùn-ún, iwájú ilé kì í ṣe ti onílé nìkan. Ojúde là ń pè é. Ibẹ̀ la ti ń ta àtíbàbà bí a bá ń ṣe ìnáwó, ibẹ̀ lọmọdé ti ń ṣeré, ibẹ̀ làwọn àgbà ń jókòó sí gba afẹ́fẹ́ lálẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń lọ ń gbà kọjá tó fi ń kí wa pé a kú ilé. Síbẹ̀, onílé ló ń gbá a láàárọ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: ohun tí gbogbo èèyàn ń lò, ẹnì kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí ojúde bá dọ̀tí, a kì í bi àlejò léèrè. Onílé là ń bi.

Àwọn òbí wa àgbà mọ àwọn wolé-wolé dáadáa. Wọn a máa lọ láti ilé dé ilé, wọn a ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn kò fẹ́ràn wọn rárá, ọ̀pọ̀ sì ń sá fún wọn nítorí owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí kò yẹ kó sọnù: omi tó wà nínú ìkòkò mi lè di ibà lára ọmọ rẹ. Èmi ni mo ni ìkòkò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó bá jáde nínú rẹ̀ ti di ti gbogbo àdúgbò. Àwa tá a jẹ́ ọmọdé lẹ́yìn ọdún 1984 tí ìjọba ológun gbé ètò WAI dé náà kò gbàgbé Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí gbogbo ilé ń kó gọ́tà, tí wọ́n ń ro oko etí ilé. Ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí òfin kónílé-ó-gbélé ti Sátidé náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ti ọwọ́ ìjọba wá. Ó ti wà lára wa kí ìjọba tó dé.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ. Ìwà mìíràn tún wà tá a kó wá láti ilé. Bí a bá ti gbọ́ pé nǹkan jẹ́ ti ìjọba, ọkàn wa a máa sọ pé kò ní olówó. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé a kì í làágùn sídìí iṣẹ́ ìjọba. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wa a wá di ohun tí kì í ṣe ti ẹnì kankan, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì le jù ni yóò gbà á. Ojúde àti ilẹ̀ tí kò ní olówó kì í ṣe ohun kan náà. Inú ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ òkú mọ́tò wà.

BÍ MỌ́TÒ ṢE Ń DI ÒKÚ

Kò sẹ́ni tó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó sọ pé òun fẹ́ ba àdúgbò jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mọ́tò fi ń di òkú.

Láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni mọ́tò tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. A rà á ní ọjà gbàǹjo, ó ti ní àléébù díẹ̀, a ní a ó tún un ṣe, a ó wá gbé e lọ sí Houston kó wọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan ń dúró dè é nílé. Bí ó bá délé, orúkọ rẹ̀ ti yí padà, ó ti di Tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń gbà lórí mọ́tò gbówó lórí lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó rò pé oṣù kan ni mọ́tò òun yóò lò lójú títì wá rí i pé oṣù mẹ́fà ti kọjá. Nàìjíríà sì ti fi gbèdéke lé ọjọ́ orí mọ́tò tó lè wọlé. Bí mọ́tò ṣe ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbí, bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà kúrò nínú ohun tí wọ́n lè gbà níbẹ̀.

Èkejì ni mọ́tò tó kú sójú ọ̀nà ìgbésí ayé. Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, mẹkáníìkì dárúkọ iye tó ju iye mọ́tò náà fúnra rẹ̀ lọ, a sì ní ká sinmi díẹ̀ ná. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó lọ sílé fún ìsìnkú òbí tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun yóò lò, tó wá lo oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ni ti ẹni tó ṣàìsàn, tàbí tó tilẹ̀ ti kú, tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ẹ̀kẹrin yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí ìwé mọ́tò òun bá ti pé, tí kò sì dí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó lè sọ ohunkóhun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Dallas, mọ́tò kò gbọdọ̀ gbé ojú kan lójú títì ìlú ju wákàtí 24 lọ. Àwọn ìlú tó yí wa ká, Garland, Mesquite, Arlington, Grand Prairie àti àwọn yòókù, ní òfin tiwọn. Kí olúkúlùkù béèrè ti ibi tó ń gbé.

Lókè èyí ni òfin ìpínlẹ̀ Texas, Orí 683 nínú ìwé òfin ìrìnnà. Òfin yìí sọ pé mọ́tò tí kò lè rìn, tó ti ju ọdún 5 lọ, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń bójú tó o lórí ilẹ̀ ìjọba fún ohun tó ju wákàtí 48 lọ, mọ́tò tí wọ́n pa tì ni. Bákan náà ni èyí tó dúró síbi tí òfin kò gbà fún ohun tó ju wákàtí 48 lọ. Ìjọba lè fà á lọ. Láàárín ọjọ́ 10 tí wọ́n bá ti gbà á sọ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà tó olówó rẹ̀ létí, olówó náà sì ní ọjọ́ 20 lẹ́yìn lẹ́tà láti wá gbà á, kó san owó tí wọ́n fi fà á àti owó ìpamọ́ tó ń gun ara wọn lójoojúmọ́. Bí kò bá wá, wọ́n lè tà á ní gbàǹjo.

Apá kejì òfin náà ló ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ó sọ nípa mọ́tò tó ti di àlòkù pátápátá: èyí tó ti fọ́ tàbí tí wọ́n ti tú, tàbí èyí tí kò lè rìn fún ohun tó ju wákàtí 72 lọ lórí ilẹ̀ ìjọba, tàbí ọjọ́ 30 nínú ọgbà ẹni. Ẹ gbọ́ o, nínú ọgbà ẹni! Bí ó bá ti hàn sí ẹni tó ń kọjá, òfin lè bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yìí kò gba onílé lójijì. Ọjọ́ 10 ni wọ́n ń fún un kó tó di pé wọ́n gbé e, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe máa ju lẹ́tà ìlú sínú dúrọ́ọ̀ láìṣí i. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tí wọ́n ní kéèyàn bọwọ́ lù kó tó gbà á máa ń já wa láyà. Lẹ́tà tí a kò ṣí kì í yí ọjọ́ rẹ̀ padà.

Òfin náà tún sọ ìdí rẹ̀. Ó ní irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń wu ààbò àwọn èèyàn léwu, ó ń dín iye ilé kù, ó ń pe àwọn oníwà ìbàjẹ́ wá, iná lè ti ibẹ̀ sọ, ó sì ń fa àwọn ọmọdé mọ́ra lọ sínú ewu. Nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí, iye ilé ni àwọn èèyàn ń pariwo lé lórí jù. Èmi nọ́ọ̀sì, èyí tó kẹ́yìn ló ń gba oorun lójú mi.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÒKÚ MỌ́TÒ

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní Badagry ní ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n bá ọmọ mẹ́jọ ní òkú nínú mọ́tò kan tí wọ́n pa tì. Ọmọ mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀kan náà! Ìròyìn tó jáde nígbà náà ni pé wọ́n há sínú rẹ̀. Mọ́tò tó ti ń dúró síbì kan tí àwọn àgbà ń wò kọjá lójoojúmọ́, lójú ọmọdé ilé eré ni. Ó ní ìjókòó, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní ohun tí wọ́n lè fọwọ́ yí bíi bàbá tó ń wakọ̀. Ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún lè ṣí láti ìta kó má ṣí láti inú.

Kò yọ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Láti ọdún 1998, ó ju ọmọ 900 lọ tí ooru inú mọ́tò ti pa ní orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tá a sábà máa ń gbọ́ ni ti òbí tó gbàgbé ọmọ sẹ́yìn mọ́tò, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ náà ló jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọ inú mọ́tò tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú mọ́tò tí a tì lè fi nǹkan bí 20 dígírì Fahrenheit ju ti ìta lọ. Ara ọmọdé sì ń gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún kíákíá ju ti àgbà lọ. Ẹ fi èyí sórí ọ̀sán oṣù Keje ní Dallas, kẹ́ ẹ wò ó.

Ohun kejì ni omi. Táyà tí wọ́n kó sẹ́yìn mọ́tò, búùtù tó ti jò, tápólì tó ti rọ̀ lórí rẹ̀, gbogbo wọn ló ń gba omi òjò dúró, tanwíjí sì ń ṣe ọdún níbẹ̀. Ẹlòmíràn lè ní, "Kò sí ibà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀fọn lásán ni." Ní ọdún 2012, agbègbè Dallas County yìí ni àìsàn West Nile ti jà jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Èèyàn tó tó 398 ni wọ́n kà pé ó ṣe, 173 nínú wọn ló wọ ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn lọ, 19 sì kú. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn ẹ̀fọn lóru ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Àwọn àgbàlagbà ló sì ń mú jù. Ẹ rántí pé àwọn ìyá wa tó ń ti ilé wá wẹ ọmọ fún wa, ìta ni wọ́n ń jókòó sí nírọ̀lẹ́.

Ohun kẹta kò gba àlàyé púpọ̀: mọ́tò ńlá tó dúró pẹ́ sí ìkángun títì ń dí ojú awakọ̀, kì í jẹ́ kó rí ọmọ tó fẹ́ sọdá. Bí ọ́ìlì bá sì ń jò lábẹ́ rẹ̀, inú odò wa ni òjò ń gbé e lọ.

ṢÉ ÈRÒ RERE TÓ?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Olówó mọ́tò lè sọ pé òun kò fẹ́ ibi sí ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé Ẹ́kísódù orí 21. Ó sọ nípa ẹni tó gbẹ́ kòtò tí kò bò ó, tí ẹran ọ̀sìn ẹlòmíràn sì já sínú rẹ̀. Olówó kòtò ni òfin ní kó san án. Kò béèrè bóyá ó kórìíra ẹran náà. Deuterónómì orí 22 náà ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ré bọ́. Ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń wò ni ohun tí a ṣí sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ní lọ́kàn. Òkú mọ́tò lójú títì, kòtò tí a kò bò ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan dán yín wò. Ọkùnrin kan gbọ́ pé wákàtí 24 ni òfin Dallas fúnni. Láràárọ̀, ó ń ti mọ́tò rẹ̀ síwájú díẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó tì í padà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ ò rí i, mi ò rú òfin." Ṣé ó jàre? Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ lẹ́tà òfin lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó mú kí wọ́n ṣe òfin náà ṣì wà níbẹ̀: ọmọdé, ẹ̀fọn, ìkángun tí ojú kò ríran kọjá. Ó ti bá òfin ṣe àdéhùn, kò bá aládùúgbò ṣe. Bí onílé bá ń gbá ìdọ̀tí ojúde rẹ̀ lọ síwájú ilé kejì láràárọ̀, ṣé a ó pè é ní ẹni tó ń gbálẹ̀?

Àwọn kan yóò tún ní, "Owó ni kò sí. Bí mo bá lówó, ṣé mi ò ní tún un ṣe?" Èyí wúwo, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní Dallas yìí, ẹni tí kò ní mọ́tò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ níṣẹ́. Mo mọ bí ó ṣe rí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti dúró de bọ́ọ̀sì láago márùn-ún ìdájí. Mọ́tò tó dákẹ́ síwájú ilé kan lè jẹ́ gbogbo ìrètí ìdílé kan. Ṣùgbọ́n àìlówó kò lè yí ewu padà. Táyà tálákà àti táyà olówó, tanwíjí kan náà ló ń wà nínú wọn. Ohun tí àìlówó ń ṣe ni pé ó ń pín ẹrù náà: ó mú un kúrò lórí olówó mọ́tò nìkan, ó gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ ka àwa tá a yí i ká lórí. Kò sọ ọ́ nù.

ÀWA TÁ A RÍ I ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìhà kejì. Aládùúgbò rí òkú mọ́tò. Nọ́ńbà 311 wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà, kò tilẹ̀ ní kí ojú rẹ̀ kan ojú ẹnikẹ́ni. Ṣé kó pè?

Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó bá ti fi ìjọba bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè parí ti ta ìbádọ́rẹ̀ẹ́ ọdún púpọ̀ ní ọ̀pọ̀. Olúwa wa náà, nínú Mátíù orí 18, ní ká kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ wá láàárín àwa méjèèjì nìkan. Ìdí kan tún wà. Nọ́ńbà 311 kò mọ ẹni tó jẹ́ opó, kò mọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró níṣẹ́. Mọ́tò nìkan ló ń rí. Bí wọ́n bá fa mọ́tò lọ sí ibi ìpamọ́ ìlú ní Vilbig Road, owó tí yóò máa gorí owó lè mú kí tálákà fi mọ́tò náà sílẹ̀ pátápátá. Ohun tí ọlọ́rọ̀ fi bí ìjìyà kékeré lè ba ilé ẹlòmíràn jẹ́. Àwọn kan sì wà tí kì í ṣe ìfẹ́ àdúgbò ló ń mú wọn pè, àlejò ni wọn kò fẹ́ rí. Òfin tó dára lè di pàṣán lọ́wọ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò dára.

Nítorí náà, èmi gbà pé ètò kan yẹ kó wà.

Èkíní, ká béèrè èèyàn kí a tó béèrè mọ́tò. Mo ní a ó padà sórí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mọ́tò tí kò kúrò lójú kan ń sọ nǹkan nípa olówó rẹ̀. Ní ìlú tí a kì í ti rí ojú ara wa, tí ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè, mọ́tò tí kò rìn mọ́ lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo pé nǹkan ti ṣe ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Àgbàlagbà kan lè ti ṣubú nínú balùwẹ̀. Ẹlòmíràn lè ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn láti ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn aládùúgbò kàn ń bínú sí táyà rẹ̀. Nílé, bí a kò bá rí Ìyá Àgbà lójúde fún ọjọ́ méjì, a ó kan ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ ká kan ilẹ̀kùn níbí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kó má jẹ́ "Ìwọ lo ni mọ́tò yìí?" Kó jẹ́ "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé àlàáfíà ni?"

Èkejì, ká sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu, tàbí ká kọ ìwé kékeré tó ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wa nínú. Ìwé tí kò lórúkọ máa ń bí èèyàn nínú ju ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, bí agbára bá wà, ká bá a gbé díẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìjọ wa níbí a ní mẹkáníìkì, a ní ẹni tó mọ ọ̀nà Houston, a ní ẹni tí gáráàjì rẹ̀ ṣófo. Ọ̀sán Sátidé kan lè gba ohun tí ọdún kan àríyànjiyàn kò gbà.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá ti béèrè, tí a ti sọ ọ́, tí a ti fún un ní àkókò, tí kò sì sí ohun tó yí padà, kí a pe 311 láìsí ìtìjú. Òfò kì í ṣe ti olówó mọ́tò nìkan. Ẹni tó dákẹ́ títí tí ewu fi dé kò lè sọ pé àánú ló mú òun dákẹ́. Ojú ló ń tì í, ó wá pe ìtìjú náà ní sùúrù.

Ohun kan ń bẹ tó lè yí ètò yìí padà. Bí ilẹ̀kùn mọ́tò náà bá ṣí sílẹ̀ tí àwọn ọmọdé sì ń ṣeré yí i ká, tàbí tó dí ẹnu omi àwọn panápaná, tàbí tó jọ pé wọ́n jí i gbé síbẹ̀ ni, kí a pè lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọmọ bá sì há sínú rẹ̀, 911 ni. Níbi tí ẹ̀mí wà, ìwà pẹ̀lẹ́ ń tẹ̀ lé ìgbàlà, kì í ṣíwájú rẹ̀. Bí a bá sì rí i pé ẹnì kan ló ń sùn nínú mọ́tò náà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti mọ́tò. Èèyàn ni a rí, bí èèyàn sì ni ká ṣe sí i: ká fún un lómi, ká béèrè ohun tó nílò, ká wá ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́.

KÍ Á TÚN ILÉ ARA WA ṢE

Kí a tó wo ti aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wo iwájú ilé rẹ̀. Mọ́tò wo ló wà níbẹ̀ tí kò rìn láti ìgbà Àjíǹde? Bí ti ìfiránṣẹ́ sílé bá ni, ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú òótọ́: iye tí yóò ná wa báyìí ńkọ́, iye tí ẹni tó wà nílé yóò san ńkọ́? Bí kò bá mọ́gbọ́n wá mọ́, ká tà á nígbà tó ṣì lówó lórí. Àwọn tó ń ra àlòkù ń san nǹkan lórí mọ́tò tí kò rìn, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan sì ń wá gbé e bí ẹ̀bùn. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni ìwé tí wọ́n ń pè ní title. Bí a bá ti tà á, kí a fi tó ilé iṣẹ́ mọ́tò ti ìpínlẹ̀ Texas létí láàárín ọjọ́ 30, kí ẹlòmíràn má bàa lọ pa á tì síbì kan kí lẹ́tà sì máa wá orúkọ wa kiri. Bí ó bá sì gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ sí i, kí a tì í, kí a ti búùtù pẹ̀lú, kí a da omi inú táyà nù, kí a gbé e wọ gáráàjì, kí a sì lọ sọ fún ará ilé kejì fúnra wa kó tó bi wá. Ọ̀rọ̀ tí a fẹnu ara wa sọ máa ń fúyẹ́ létí ju èyí tí wọ́n wá bi wá lọ.

Bákan náà, ní ọjọ́ Ìsinmi, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwọn ilé tó yí ilé ìjọsìn wa ká ní ojúde tiwọn. Orin wa lè dùn títí dé ọ̀run, ẹni tí mọ́tò wa dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ní gbọ́ adùn rẹ̀.

Mo béèrè níṣàájú pé ta ló ni títì iwájú ilé. Ìdáhùn mi ni pé gbogbo wa la ni ín, olúkúlùkù wa ló sì ń gbá a. Nítorí pé gbogbo wa la ni ín, ẹnì kan kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ilé ìpamọ́. Nítorí pé olúkúlùkù wa ló ń gbá a, a kò gbọdọ̀ fi ìjọba ṣe ìgbálẹ̀ kí ọwọ́ wa tó kan ilẹ̀. Bí ẹ bá ń jáde lọ́la, ẹ wo mọ́tò tó ti pẹ́ jù ní títì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilẹ̀kùn ilé tó wà níwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ kàn án.

Kí Olúwa bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wa, kó sì fún wa ní aládùúgbò rere. Kó sọ àwa náà di aládùúgbò rere. Àmín.